Fèrèsé Keje

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìròyìn náà dé, Moróunkẹ́ ń wá ẹ̀wù tí apá rẹ̀ kò fún. Bàbá rẹ̀ ti rán an níṣẹ́ fún ọjọ́ kejì, iṣẹ́ náà sì gba kí ènìyàn na ọwọ́ méjèèjì dáadáa.

"Bá mi ṣí fèrèsé lọ́jọ́ Ìsinmi," ni Bàbá wí ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Ìwó, níbi tí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti fẹ́ ṣe ìpàdé. "Méjèèje ni o. Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, mẹ́fà lo máa ṣí."

Moróunkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí keje yẹn kì í ṣe fèrèsé mọ́. Ògiri ni."

"Ògiri tó ń gbọ́ràn ni. Gbé e sókè díẹ̀, bí ìgbà tí o bá ń gbé ọmọ tó ti sùn lọ, kí o tó wá tì í síta. Ọwọ́ méjèèjì ló ń fẹ́. Bí o bá fi ọwọ́ kan ṣe é, yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Ọdún 1964 ni, òjò ọdún náà sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Tíṣà Gbádégẹṣin ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Agbówó ṣì ń pè wọ́n ní Tíṣà Àgbà. Moróunkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí òun náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bódìjà, ni Tíṣà Kékeré. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bàbá ló di irun fún un. Bàbá ló kọ́ ọ ní ábídí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà sí Agbówó, Bàbá ni í ṣí fèrèsé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn wọ́n sípò kankan nítorí rẹ̀. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí agogo àkọ́kọ́ tó dún, wọn á bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, wọn á wọlé, wọn á máa ti àwọn fèrèsé onípákó náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ìkeje lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrìbọmi. Òórùn àdán á jáde, ooru ọ̀sẹ̀ kan á tẹ̀lé e. Wọ́n máa ń sọ pé Ọlọ́run kò kọ ooru, àwọn ìyá arúgbó ló kọ̀ ọ́.

Moróunkẹ́ ti rí ẹ̀wù kan, ó ń nà án sórí ibùsùn, nígbà tí ó gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Bàtà púpọ̀ ni. Àlùfáà Oyèṣọlá ló kọ́kọ́ wọlé, àgbà ìjọ méjì tẹ̀lé wọn. Bándélé ọkọ rẹ̀, tó ti jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè ní Dùgbẹ̀, ló kẹ́yìn. Ó ṣí fìlà lórí, ó dì í mú bí ohun tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Moróunkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Àlùfáà béèrè omi. Ó bu omi wá, ó tún kúnlẹ̀. Ife náà ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò sí ẹni tó mu nínú rẹ̀. Bí àgbà mẹ́ta bá béèrè omi láàárọ̀ tí wọn kò mu ún, òǹgbẹ kọ́ ló gbé wọn wá.

"Bàbá ń kọ́?" ni ó béèrè.

"Wọ́n sùn ní Ìwó, ọmọ mi," ni Àlùfáà wí. "Wọn kò jí."

Igbe kan ṣoṣo ló ké. Láàárín igbe náà, nǹkan kan gún un lẹ́yìn, ní agbede méjì èjìká rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ ibẹ̀. Ó gé igbe náà sí méjì. Ìrora náà yí àyà rẹ̀ ká bí ọ̀já tí wọ́n fà le. Láti ìgbà tó ti gbọ́n, Moróunkẹ́ kò tíì ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ó rò pé bí ikú bàbá ẹni ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kí ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, kò lè dìde.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wí, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n gbé e sórí ẹní. Bándélé bá àwọn àgbà náà lọ sí Ìwó láti lọ gbé òkú bọ̀. Kò pẹ́ tí Màmá Ṣàngó dé. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, àdúgbò Ṣàngó ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dun Àlùfáà létí pé ìyá ìjọ kan ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Màmá tú gèlè orí wọn, wọ́n fi di Moróunkẹ́ nínú gírígírí. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o lẹ́yìn.

"Mi ò gbúròó ẹsẹ̀ mi, Màmá," ni Moróunkẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ìyá wa kú, ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi mọ ibi tí tèmi wà. Máa sunkún rẹ. Ẹkún ní yóò dá wọn padà."

Ìyẹn tù ú nínú. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ilé kún. Àwọn obìnrin ìjọ ń kọ orin ìsìnkú, orin náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn. Ní àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Nígbà tó yá, ó fúyẹ́. Nígbà tó tún yá, kò sí i mọ́, ó wá dà bí ẹni pé orí omi ló dùbúlẹ̀ sí láti ìdí dé ọmọ ìka, tí omi náà ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Kò bẹ̀rù. Ó rò pé ọ̀dọ̀ Bàbá ni ó ń gbé òun lọ.

Nàfísátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sùrájù, ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà. Òun ni ìyàwó Alhájì Gàfárù tó ni ilé, aṣọ ló ń tà ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà nítorí òkú Tíṣà Àgbà. Nígbà tí àkókò ìrun Àìlà tó, èrò ti kún àgbàlá, ó wá gbé bútà àlùwàlá rẹ̀ gun òkè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá Moróunkẹ́. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó kan ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà sí ọ̀nà inú. Omi náà ṣàn wọlé, ó rin ẹní, ó dúró sí abẹ́ ẹsẹ̀ Moróunkẹ́ bí adágún kékeré.

"Yéè! Tíṣà, má bínú o. Mo ti da omi tútù sí ọ lẹ́sẹ̀."

"Omi wo?" ni Moróunkẹ́ béèrè.

Nàfísátù dúró. Ó wo omi. Ó wo ojú Moróunkẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da omi bútà náà sórí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi tán.

"Ìyá Sùrájù!" ni Màmá Ṣàngó kígbe. "Kí ni ẹ ń fi ọmọ ọlọ́fọ̀ ṣe?"

"Tíṣà, má wo ìsàlẹ̀. Kí ni mo ń ṣe báyìí?" ni Nàfísátù béèrè.

"Ẹ ń wò mí, Ìyá Sùrájù."

"Mo ń já ọ ní èékánná ni. Wò ó, ó ti fẹ́ bẹ́jẹ̀." Ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lórí gèlè tí wọ́n dì. Ikùn náà le bí àgbọn. "O ti tọ̀ láti àárọ̀?"

"Kò gbọ̀n mí."

"Ìbànújẹ́ ni," ni Màmá Ṣàngó wí. "Nígbà tí ìyá tèmi..."

"Màmá, ẹ dákun, mo kúnlẹ̀ fún yín. Mo sin bàbá, mo sin ìyá, mo sin ọmọ méjì. Mo sunkún títí ojú mi fi wú bí búrẹ́dì. Mi ò lè rìn náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bà lé ẹsẹ̀ mi, mo mọ̀. Ìbànújẹ́ kì í jẹ́ kẹ́sẹ̀ gbàgbé omi." Ó fi ojú wá fèrèsé, ó kígbe pe awakọ̀ ní ìsàlẹ̀. "Bùsàrí! Gbé mọ́tò Alhájì jáde! Bí wọ́n bá ń kírun, gbé e jáde náà!"

"Ọlọ́fọ̀ kì í kúrò lórí ẹní kí wọ́n tó gbé òkú wọlé!" Ohùn Màmá ti ń gbọ̀n.

"Kí ó jókòó títí a ó fi ní òkú méjì?"

Orin dúró. Màmá Ṣàngó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n wo omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá fúnra wọn ni wọ́n gbá a ní èjìká mú, tí Nàfísátù fi gbé ẹsẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Moróunkẹ́ fi orí lé itan Nàfísátù. Ó ń rí igi Bódìjà nínú gíláàsì, gbogbo wọn da orí kodò, ewé wọn ń sáré kọjá bí ẹja. Oòrùn ń tàn, ó ń ṣú, ó ń tàn. Ó rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi.

"Ìyá Sùrájù, fèrèsé..."

"Mo ti ṣí i, ọmọ mi. Atẹ́gùn ń wọlé."

Dókítà tó gbà á ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e lọ kò tó ẹni ogójì ọdún. Adéyínká lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀, ènìyàn tó ọgbọ̀n ló ti béèrè lọ́wọ́ Moróunkẹ́ bóun ṣe ń fara dà á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè pé, "Aago mélòó ni ẹ̀yìn náà gún yín?"

"Aago mẹ́jọ lé díẹ̀."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta kù díẹ̀. "Kò tíì pé wákàtí méje," ni ó wí, bí ẹni tó rí nǹkan tó sọnù. Ó mú abẹ́rẹ́ kan, ó ń fi gún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè. Orúnkún, kò gbọ́. Itan, kò gbọ́. Ikùn, kò gbọ́. Ìgbà tó dé abẹ́ ọmú, Moróunkẹ́ sọ pé, "Yéè." Dókítà fi gègé fa ìlà síbẹ̀. Òkè ìlà náà ni Moróunkẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹrù tí wọ́n bá a gbé wá.

Wọ́n fa omi kan sí i ní ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n gbé e sórí tábìlì tó ń dagun tó ń dagẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ ayàwòrán lè rí ibi tí omi náà ti pàdé ìdènà. Orí rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lọ sókè. Orí tún bọ̀. Ó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní oògùn oorun iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí ó máa kà láti orí ogún padà sẹ́yìn. Ó ka méjìdínlógún, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Fèrèsé mẹ́fà ti wà ní ṣíṣí. Ìkeje wú. Pákó rẹ̀ yọ síta bí ikùn aboyún, omi pupa kan ń ti í láti ẹ̀yìn wá, ó ń kán tó, tó, tó, sínú àwo ìrìbọmi. Bàbá dúró níbẹ̀ láìwọ bàtà.

"Ṣé o ti gbé e sókè?" ni wọ́n béèrè.

"Bàbá, ọwọ́ mi kò tó o."

"Ọwọ́ rẹ kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò dúró."

Nígbà tó jí, ilẹ̀ ti mọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ń dún lọ́nà jíjìn. Bándélé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, irùngbọ̀n ti hù ú lójú. Kò sọ̀rọ̀ òkú, Moróunkẹ́ náà kò béèrè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n sin Bàbá, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí, ó ń wo ògiri. Nọ́ọ̀sì ń yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ibùsùn má bàa jẹ ẹ́ lára. Ní aago mẹ́rin, àkókò tí wọ́n ní àwọn yóò gbé pósí wọ ilẹ̀, wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìwọ̀nba ibi tó lè bá wọn dé nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹfà ni Dókítà Adéyínká fa àga jókòó, tó sì fi ìka ya nǹkan sórí aṣọ ibùsùn.

"Eegun ẹ̀yìn dà bí ilé tóóró. Okùn funfun kan tó ti ọpọlọ wá ló ń gbé inú rẹ̀. Òun ló ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀, òun ló ń gba èsì padà. Láàárín ògiri ilé náà àti okùn yìí, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà, wọ́n fẹ́lẹ́ ju òwú lọ. Ọ̀kan bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dà, kò rí ibi gbà, ó dì, ó sì jókòó lé okùn náà lórí. A ṣí eegun díẹ̀, a kó ẹ̀jẹ̀ dídì náà kúrò. Okùn náà kò já. Ẹ̀jẹ̀ náà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Kí ló bẹ́ ẹ?"

"A ti wá ìdí rẹ̀. Àwọn kan ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ kì í lò ó. Àwọn kan, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti yín wà déédéé. Àwọn kan, a bí wọn pẹ̀lú iṣan tó lọ́ wọ́jọpọ̀. Mi ò rí i níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ikọ́ ni, tàbí sísín, tàbí ẹrù tí ẹnì kan gbé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a wá ìdí títí, a kò rí nǹkan kan."

"Mo ké igbe kan, Dókítà. Ṣé igbe náà ni?"

"Ó lè jẹ́ pé igbe ló ti ilẹ̀kùn tó ti fẹ́ já tẹ́lẹ̀. Èmi kò lè búra. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń ké bí bàbá wọn bá kú. Iṣan wọn kì í bẹ́. Ẹ má ṣe ara yín ní ẹlẹ́ṣẹ̀."

"Ṣé màá tún dúró? Bàbá mi rán mi níṣẹ́ kan. Ìdúró ló gbà."

"Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń bá wọn wá kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ̀yin kò pẹ́." Ó dìde. "Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ mi bí ọyẹ́ bá dé."

Báyìí ni ìdúródè bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ará ilé tó rìnrìn àjò tí kò kọ lẹ́tà sílé. Moróunkẹ́ á wò ó lábẹ́ aṣọ, á pè é nínú ọkàn, á sùn lọ níbi tó ti ń pè é. Lójú oorun, ó ń rìn: ó ń gba Bódìjà lọ sí ilé ìwé, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kí i. Bó bá jí, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó rìn lóòótọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò ni Nàfísátù ń wá, tòun ti bútà nínú àpò ọjà. Á gbé bàsíà sábẹ́ ẹsẹ̀ Moróunkẹ́, á da omi sí i, á béèrè pé, "Báwo ni omi?"

"Omi wo?" ni Moróunkẹ́ ń dáhùn. Ó di ẹ̀fẹ̀ wọn.

Sísítà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù náà bínú. "Ìyá, ibí kì í ṣe mọ́ṣáláṣí."

"Mo mọ̀, Sísítà. Bó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni, ẹ ò bá ti bọ́ bàtà yín."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Moróunkẹ́. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń ta á bí ata. Dókítà ní kó máa yọ̀ bó bá ń ta á. Ní Ọjọ́rú kan, Nàfísátù da omi, ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní ibùsùn kejì tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ aṣọ.

"Ó tutù," ni Moróunkẹ́ wí.

Nàfísátù kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Omi bútà ń dà sílẹ̀ káàkiri, Sísítà sì ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ojú líle. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn tó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n di ara wọn mú, ó lọ mú aṣọ ìnulẹ̀, ó nu omi náà fúnra rẹ̀.

Ìka ẹsẹ̀ ńlá ló kọ́kọ́ mì. Orúnkún tẹ̀lé e. Ìtọ̀ padà di èyí tó ń bọ̀ nígbà tí ó bá pè é, wọ́n sì yọ rọ́bà tó ti ń fa ìtọ̀ rẹ̀ kúrò. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kan tí irin gbọọrọ méjì wà nínú rẹ̀, lọ́dọ̀ Míìsì Olúkẹ́mi, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn.

"Àǹtí Tíṣà, ọmọ mélòó lẹ ti nà ní kíláàsì nítorí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ẹ̀san dé. Ẹ gbé e. Mo ní ẹ gbé e, ẹ̀ ń wọ́ ọ bí àpò èédú!"

Ó ń ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ètè gbogbo wọn ń bó, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Dókítà mọ́. Ó rìn láti orí irin kan dé ìparí rẹ̀, Dókítà sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ lẹ́yìn.

Ní oṣù Kínní ló padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá abíyá méjì. Màmá Ṣàngó ti wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ yàrá, wọ́n ti ká ẹní ọ̀fọ̀ náà, wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ilé. Wọ́n ń wo Moróunkẹ́ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan, ìsinmi kan.

"Èmi ni mo dì ọ́ nínú," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ní kí o máa sunkún."

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ gbé mi ní èjìká."

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, níbi oúnjẹ, Bándélé sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ìjọ ti pinnu nípa fèrèsé kan tó wà lẹ́yìn. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Mẹ́fà ni ẹni tó ń lu agogo ń ṣí. Àdán ti ń kó ẹbí jọ sí i lára, káfíńtà yóò sì wá ní ọjọ́ Ajé láti fi ìṣó kàn án pa.

Moróunkẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó gba ọwọ́ méjì," ni Bándélé wí, nítorí ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. "Ọwọ́ méjèèjì rẹ wà lórí ọ̀pá."

"Mo mọ̀."

"Olúkẹ́mi ní ó di oṣù kejì sí i kí o tó fi ọ̀pá sílẹ̀. Moróunkẹ́, bí o bá ṣubú lórí ẹ̀yìn yẹn..."

"Ọjọ́ Ìsinmi ni Bàbá ní kí n ṣí i. Ọjọ́ Ìsinmi tó kù kí wọ́n kàn án pa kò ju ẹyọ kan lọ."

Bándélé kò jiyàn mọ́. Ó sọ pé, "Jẹ́ kí Ìyá Sùrájù bá ọ lọ. Bí èmi bá wà níbẹ̀, n kò ní lè jẹ́ kí o fi ọ̀pá sílẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, ọyẹ́ bo Agbówó mọ́lẹ̀ bí èéfín. Nàfísátù ti kírun Àsùbáà tán, ó fi ìborùn bo etí, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí láti rin ibi tí Bàbá ń rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Moróunkẹ́ bọ́ bàtà.

"Ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà níbí?" ni Nàfísátù béèrè.

"Bàbá nìkan ni."

Nàfísátù náà bọ́ tirẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Èmi yóò dúró síbí. Bí o bá ṣubú, má ṣe ṣubú sọ́nà ibẹ̀ yẹn, ó jìnnà sí mi. Ṣubú sọ́nà ọ̀dọ̀ mi."

Símẹ́ǹtì ilẹ̀ náà tutù. Moróunkẹ́ dúró díẹ̀ kí ó lè máa gbọ́ ọ. Ẹni tó ń lu agogo ti ṣí mẹ́fà, ìmọ́lẹ̀ rírú ọyẹ́ wọlé níbẹ̀, ó nà gbalaja sórí àwọn àga. Ẹ̀yìn ló ṣókùnkùn. Ó ń lọ síbẹ̀, ọ̀pá ń ró kò, kò, ẹsẹ̀ kò dún. Ó kọjá àga tí Bàbá máa ń jókòó sí. Ó dé ẹ̀gbẹ́ àwo ìrìbọmi.

Ó fi èjìká ti ògiri, ó gbé ọ̀pá kan dúró. Lẹ́yìn náà, ó gbé èkejì.

Orúnkún rẹ̀ gbọ̀n. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n títí wọ́n fi sú ara wọn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó na ti òsì, ó di ìsàlẹ̀ pákó náà mú. Ó kọ́kọ́ tì í, nítorí pé ó ti gbàgbé. Fèrèsé náà fi í ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn ni ó rántí ọmọ tó ti sùn lọ. Ó gbé e sókè díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má jí. Nǹkan kan tú nínú igi náà. Ó tì í síta, eruku oṣù mẹ́rin àti àdán mẹ́ta jáde lọ sínú ọyẹ́.

Ó wá ìkọ́ irin tó wà lára ògiri, ó fi kọ́ ọ, kí afẹ́fẹ́ má bàa tì í padà.